Gé Ẹ̀wù Rẹ Bí Aṣọ Rẹ Ṣe Tó: Àkànlò Èdè Gẹ̀ẹ́sì Lójú Ọmọ Òkè-Ògùn

Níbi ìgbéyàwó, nígbà tí alága ìjókòó bá dìde láti gba tọkọtaya tuntun níyànjú lórí ọ̀rọ̀ ìnáwó, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan kì í pẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀: “Cut your coat according to your size.” Àwọn àlejò á mi orí, wọn á sì pàtẹ́wọ́. A ń gbọ́ ọ lórí rédíò, a ń gbọ́ ọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́, àwọn òbí sì ń fi í kìlọ̀ fún ọmọ tí ó bá ń náwó bí ẹlẹ́dà. Àmọ́, àwọn tí wọ́n ni èdè náà kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni “Cut your coat according to your cloth”: gé ẹ̀wù rẹ bí aṣọ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ ṣe tó.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. “Size” ni ìwọ̀n ara ẹni. “Cloth” ni aṣọ tí a rà. Bí ènìyàn bá sanra, tí aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sì kéré, tí ó wá gé ẹ̀wù bí ara rẹ̀ ṣe tó, aṣọ yóò tán kí ó tó dé ibi apá. Owó ni aṣọ inú àkànlò èdè yìí. Ẹni tí ó bá sọ pé “size” ti yọ owó kúrò nínú ọ̀rọ̀ owó.

Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sí Ìséyìn, kò ní gba àlàyé púpọ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni aṣọ òkè ń jáde lórí òfì. Télọ̀ ni yóò wá rán an pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì kí ó tó di aṣọ tí a lè gé. Kí ó tó fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí, yóò kọ́kọ́ ka iye tí oníbàárà gbé wá. Bí kò bá tó agbádá, yóò sọ fún un pé kí ó fara mọ́ bùbá. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé dàńdógó kọjá ẹ̀wù àbínúdá. Ọmọ tí ó dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ òfì ti mọ ìtumọ̀ “cut your coat according to your cloth” kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kankan nínú rẹ̀.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ sọ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àkànlò èdè ni ó ní ibi iṣẹ́ tí ó ti wá: ilé ahunṣọ, àgbẹ̀dẹ, oko, ilé ìdáná. Ẹni tí ó bá béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yóò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, yóò mọ ibi tí ó yẹ kí ó ti lò ó, yóò sì mọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu kàn án. Láàárín Ṣakí sí Ìséyìn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ṣì wà níta gbangba, tí ọmọdé ń rí bí ó ti ń lọ sí ilé ìwé.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan ọ̀dọ́

Àkànlò èdè ni àpapọ̀ ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú rẹ̀. Bí a bá ní Àlàbí fi àáké kọ́rí, kò sí ẹni tí yóò wo orí Àlàbí bóyá àáké wà níbẹ̀. Ohun tí a gbọ́ ni pé ó kọ̀ jálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni “spill the beans” kò ní ẹ̀wà kankan nínú. Ó túmọ̀ sí pé kí ènìyàn tú àṣírí.

Àwọn tí ń ṣe ìdánwò mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe pàtàkì tó. Gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ wọ yunifásítì nípasẹ̀ ìdánwò JAMB ni ó gbọ́dọ̀ ṣe Use of English, ohunkóhun tí ó bá fẹ́ kọ́. Nínú rẹ̀ àti nínú ìdánwò WAEC, a máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní gbólóhùn kan, a ó ní kí ó mú ìtumọ̀ tí ó bá a mu jù lọ láàárín mélòó kan. Àkànlò èdè pọ̀ nínú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìdánwò, lẹ́tà ìwáṣẹ́ ń bẹ níwájú, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ń bẹ níwájú. Ẹni tí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ lò níbẹ̀, wọn kì í sọ fún un pé ó ṣì í lò. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ni kí wọ́n mú ẹlòmíràn.

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé gbà ń kọ́ni ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ há ọgọ́rùn-ún àkànlò èdè sórí láti orí ìwé kan, ìtumọ̀ ní ìhà kejì. Ẹni tí ó bá há a sórí lè rántí rẹ̀ di ọjọ́ ìdánwò. Kì í sábà mọ bí a ṣe ń lò ó, nítorí kò mọ ohun tí ó bí i. Kò sì sí ẹni tí ó fi ọ̀nà yìí kọ́ àkànlò èdè Yorùbá. Ẹnu àwọn tí ń ṣiṣẹ́, tí ń ṣeré, tí ń jà ni a ti gbọ́ ọ, a rí ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n sọ ọ́, ó sì dúró sí wa nínú.

Láti orí òfì

Ilẹ̀ tí aṣọ irun àgùntàn ti sọ di olówó ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ aṣọ fi pọ̀ nínú èdè wọn.

Ẹ jẹ́ kí á mú “dyed in the wool.” Bí wọ́n bá hun aṣọ tán kí wọ́n tó pa á láró, aró lè má wọ inú rẹ̀ délẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pa irun àgùntàn náà láró kí wọ́n tó ran án, àwọ̀ yóò wọ gbogbo rẹ̀ tinú tẹ̀yìn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe ẹni tí ìwà tàbí èrò kan ti wọ̀ lára pátápátá ní “dyed-in-the-wool.” Ẹ rántí bí a ṣe ń ṣe etù. Inú aró ẹ̀lú ni òwú etù ti ń jáde kí ó tó dé orí òfì, nítorí náà, kò sí ibi tí ẹ máa gé etù dé tí ẹ máa bá funfun nínú òwú dúdú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwa ń lò fún irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni “paraku”: olóṣèlú paraku, ọdẹ paraku. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó: “My uncle is a dyed-in-the-wool trader.” Bí ó bá ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ báyìí, ẹ fi àmì ìsopọ̀ sí àárín àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ènìyàn àti ohun tí ó gbàgbọ́ ni a ń lò ó fún. A kì í sọ pé ilé tàbí ọkọ̀ jẹ́ “dyed-in-the-wool.”

Èkejì ni “on tenterhooks.” Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pè é ní “tender hooks,” bí ẹni pé ohun rírọ̀ kan wà níbẹ̀. “Tenter” ni férémù igi tí àwọn ahunṣọ Gẹ̀ẹ́sì ń na aṣọ sí lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, kí ó má baà sún kì bí ó ti ń gbẹ. Ìkọ́ irin ni ó ń di etí aṣọ náà mú yíká. Aṣọ tí ó wà lórí ìkọ́ kò lè sinmi. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń retí ìròyìn ṣe rí. Ní Ìséyìn, ẹ ti rí òwú tí ahunṣọ nà gbọọrọ síwájú, tí ẹrù kan wà ní ìdí rẹ̀ lọ́hùn-ún tí ń fà á kí ó má baà dẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá le bí òwú yẹn ni ó wà “on tenterhooks.” “The candidates were on tenterhooks until the results came out”: ọkàn wọn kò balẹ̀ títí èsì ìdánwò fi jáde.

Ẹ̀kẹta ni “cut from the same cloth.” Bí a bá gé ẹ̀wù méjì láti ara aṣọ kan náà, ohun tí ó ṣe ọ̀kan yóò ṣe èkejì. Àwọn ènìyàn méjì tí ìwà wọn jọra ni a ń lò ó fún, ó sì dára kí ẹ ṣọ́ra, nítorí ìbáwí sábà máa ń fara pamọ́ sínú rẹ̀. Bí ẹ bá sọ pé olóṣèlú méjì jẹ́ “cut from the same cloth,” kò sí ẹni tí yóò rò pé ẹ ń yìn wọ́n.

Láti inú àgbẹ̀dẹ

Ẹni tí ó bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ kan rí mọ̀ pé irin kì í dúró de ènìyàn. Bí ẹwìrì bá ti fẹ́ iná tí irin fi pọ́n, kò sí àyè ìtàkúrọ̀sọ mọ́. Alágbẹ̀dẹ yóò fi ẹ̀mú fà á jáde, òòlù yóò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ kí ó tutù, àfi kí ó dá a padà sínú iná. Èyí ni “Strike while the iron is hot,” ọ̀rọ̀ tí ó ti wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ohun tí ó ju 600 ọdún lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a lo àǹfààní nígbà tí ó ṣì wà lójú.

Iná kan náà ni ó bí “to have too many irons in the fire.” Alágbẹ̀dẹ tí ó ki irin mẹ́wàá bọ iná lẹ́ẹ̀kan náà kò lè lù wọ́n tán kí àwọn kan tó bàjẹ́. Bí wọ́n bá yan yín sínú ìgbìmọ̀ kan tí ọwọ́ yín sì ti kún, ẹ lè fi ọ̀wọ̀ sọ pé: “I would love to help, but I have too many irons in the fire.” Ọmọ Yorùbá tí ó mọ̀ pé ẹni tí ó lé eku méjì yóò pòfo ti wà nítòsí ìtumọ̀ náà.

“Hammer and tongs,” ìyẹn òòlù àti ẹ̀mú, ni à ń lò bí àwọn ènìyàn bá fi gbogbo agbára dojú kọ nǹkan, pàápàá ìjà tàbí àríyànjiyàn: “The two lawyers went at it hammer and tongs.” Ariwo àgbẹ̀dẹ ni ó wà nínú rẹ̀. Bí àríyànjiyàn náà kò bá gbóná, ẹ má ṣe lò ó.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí á kíyè sí níbí. Àwọn baba wa náà wo alágbẹ̀dẹ, wọ́n sì fi í pa òwe. Wọ́n ní bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Àgbẹ̀dẹ kan náà, òòlù kan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Àsìkò ni Gẹ̀ẹ́sì rí. Ìdí tí ènìyàn fi ń tẹnu mọ́ nǹkan ni Yorùbá rí. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan túmọ̀ èkejì nítorí pé alágbẹ̀dẹ wà nínú méjèèjì ti ṣì í. Ibi iṣẹ́ ń tọ́ wa sọ́nà, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ béèrè ohun tí àwọn tí wọ́n ni ọ̀rọ̀ rí níbẹ̀.

Òjò wọn àti òjò tiwa

Ojú ọjọ́ ni ó máa ń ṣi ọmọ Òkè-Ògùn lọ́nà jù nínú àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ní ìdí. Nínú oṣù kẹta, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti gbẹ gbogbo koríko ọ̀dàn, tí ilẹ̀ ti le, gbogbo àgbẹ̀ láti Ìséyìn dé Ṣakí ni ó ń wo ojú ọ̀run. Òjò ni iṣu, òjò ni àgbàdo, òjò ni owó ilé ìwé ọmọ. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, inú gbogbo ìlú á dùn.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì sọ: “Save for a rainy day.” Ọjọ́ òjò inú ọ̀rọ̀ yìí ni ọjọ́ ìṣòro, ọjọ́ tí owó kò wọlé. Ní ilẹ̀ wọn, òjò lè rọ̀ nígbàkígbà nínú ọdún, òtútù a sì bá a rìn, iṣẹ́ ìta gbangba á dúró. Ìdí nìyẹn tí òjò fi di àmì wàhálà. Bí ẹ bá túmọ̀ rẹ̀ ní tààrà fún ìyá àgbà kan ní abúlé pé kí ó tọ́jú owó de ọjọ́ òjò, ó lè rò pé owó irúgbìn ni ẹ ń sọ! Ohun tí a ó sọ fún un ni pé kí ó fi nǹkan pamọ́ de ọ̀la.

“Make hay while the sun shines” ń ti ibẹ̀ wá bákan náà. “Hay” ni koríko tí wọ́n gé, tí wọ́n sá gbẹ, kí ẹran ọ̀sìn lè rí jẹ nígbà òtútù. Nítorí pé oòrùn wọn kì í pẹ́ lójú ọ̀run, àgbẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ yára bí ó bá yọ. Àgbẹ̀ tiwa, òjò ni ó ń yára fún. Àwọn méjèèjì ni kò fẹ́ kí àsìkò kọjá lọ, ohun tí olúkúlùkù ń retí ni ó yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ òtútù àti ooru tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Lójú Yorùbá, ohun tí ó tutù ni ó sábà máa ń dára. Ọlọ́kàn tútù ni ènìyàn rere. Bí ìlú bá tutù, àlàáfíà wà níbẹ̀. Bí ìlú bá gbóná, kí olúkúlùkù wá ibi sá sí. Ní ilẹ̀ tí yìnyín ti ń pa ènìyàn, ìdàkejì rẹ̀ ni. “A warm welcome” ni kí a fi ọ̀yàyà gba àlejò. “To give someone the cold shoulder” ni kí a ṣe bí ẹni tí kò rí ènìyàn, kí a kọ ẹ̀yìn sí i. “To get cold feet” ni kí ẹ̀rù ba ènìyàn nígbà tí nǹkan bá kù díẹ̀: “He got cold feet a week before the wedding.” Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ilẹ̀ olótùútù ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti wá kò ní í ṣì wọ́n mú, kódà bí kò bá gbọ́ wọn rí. Bákan náà ni “under the weather,” tí ó túmọ̀ sí pé ara ènìyàn kò yá díẹ̀. Àìsàn kékeré ni. Ẹ má ṣe lò ó fún ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kò gbọ́dọ̀ dé

Mímọ ìtumọ̀ nìkan kò tó. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé “kick the bucket” túmọ̀ sí “kú,” tí ó wá kọ ọ́ sínú lẹ́tà ìbánikẹ́dùn sí ọ̀gá rẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ṣaláìsí, ti ba nǹkan jẹ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgboro. Francis Grose kó o sínú ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ìgboro tí ó tẹ̀ jáde ní London ní 1785. Àlàyé kan tí àwọn onímọ̀ èdè máa ń ṣe ni pé “bucket” ibẹ̀ kì í ṣe korobá omi. Wọ́n ní igi tí wọ́n ń so ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ nígbà tí wọ́n bá pa á ni, tí ẹsẹ̀ ẹran náà á sì máa gbá. Ta ni ó fẹ́ kí a fi bàbá òun wé ẹlẹ́dẹ̀?

Ó yẹ kí èyí tètè yé wa, nítorí pé èdè wa kún fún irú ìpele bẹ́ẹ̀. Ọba kì í kú. Ó wàjà ni. Àgbàlagbà tẹ́rí gbaṣọ, tàbí kí a sọ pé ó papò dà. Àwa náà sì ní “ta téru nípàá.” Aṣọ ni téru, ta nǹkan nípàá ni kí a fi ẹsẹ̀ gbá a. Gẹ̀ẹ́sì gbá igi, Yorùbá gbá aṣọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ, kò sì sí ọmọlúàbí tí yóò sọ ọ́ lójú ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Nínú lẹ́tà ìbánikẹ́dùn Gẹ̀ẹ́sì, “passed away” ni ẹ kọ.

“Break a leg” náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Àwọn òṣèré orí ìtàgé ni wọ́n máa ń sọ ọ́ fún ara wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àdúrà rere sì ni láàárín wọn. Bí ẹ bá sọ ọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ wọ ọkọ̀ láti Ìséyìn lọ sí Ṣakí, èpè ni ó máa gbọ́. Bí àbúrò yín bá fẹ́ ṣe eré ní ilé ìwé, ẹ lè sọ ọ́ fún un, kí ẹ sì rí i dájú pé ìyá yín àgbà kò sí nítòsí.

Má ṣe tú òwú rẹ̀

Bí aṣọ tí a ti hun tán ni àkànlò èdè ṣe rí. A lè gbé e wọ̀ lónìí, a lè gbé e wọ̀ lọ́la, a kò lè fa òwú kan yọ nínú rẹ̀ kí a fi òmíràn rọ́pò. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìṣe inú rẹ̀ ń sọ lè yí padà: “she spills the beans,” “she spilled the beans.” Àwọn ọ̀rọ̀ tó kù kì í sábà yí padà. Bí ẹ bá sọ pé “she spilled the rice,” ìrẹsì ni wọ́n máa wá gbá. Bí ẹ bá sì sọ pé “the bucket was kicked,” korobá gidi ni olùgbọ́ máa wò.

Àwọn mìíràn tí a máa ń yí padà ní ilẹ̀ wa nìyí, àti bí wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n rí:

“Half bread is better than none”: “Half a loaf is better than none.”
“Last but not the least”: “Last but not least.”
“To cut long story short”: “To cut a long story short.”
“More grease to your elbow”: “More power to your elbow.”

Ní 1546 ni John Heywood tẹ ìwé òwe Gẹ̀ẹ́sì kan jáde, aṣọ àti ẹ̀wù ti wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìdajì búrẹ́dì, irin gbígbóná àti koríko tí a ń sá sí oòrùn. Ọ̀rọ̀ tí ó ti pẹ́ tó báyìí ti gba ojú mọ́ra. Ẹnikẹ́ni tí ó bá yí i padà, etí á ta á.

Àwọn kan yóò ní Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà náà ti di èdè tí ó dá dúró. Òótọ́ ni. Ní oṣù January 2020, ìwé atúmọ̀ èdè Oxford English Dictionary gba ọ̀rọ̀ Nàìjíríà 29 wọlé. “Danfo” wà nínú wọn, “next tomorrow” tí ó jọ ọ̀túnla wà níbẹ̀, “tokunbo” tí a mú láti inú orúkọ Yorùbá náà wà níbẹ̀. Nítorí náà, kò sí ìtìjú nínú kí a sọ Gẹ̀ẹ́sì bí a ti ń sọ ọ́ nílé. Ẹni tí ó bá mọ méjèèjì ni ó lè yan èyí tí ó bá ibi tí ó wà mu. Ẹni tí ó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ni ó mọ̀ kò ní ohun tí yóò yàn, pàápàá jù lọ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ọmọ Òṣoògùn

Ẹni tí a lè fi ṣe àwòkọ́ṣe kò jìnnà sí Ìséyìn. Òṣoògùn ni wọ́n ti bí Àjàyí, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Samuel Ajayi Crowther. Ní 1821 ni ogun kó ìlú náà, tí wọ́n sì mú un lẹ́rú. Ọkọ̀ ojú omi àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní orílẹ̀-èdè Sierra Leone. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ó ti di ọ̀dọ́. Ní 1843, ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá àti ìtumọ̀ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì jáde. Èyí tí ó tún ṣe ní 1852 kún ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì fi òwe Yorùbá ṣe àpẹẹrẹ lọ́pọ̀ ibi nínú rẹ̀. Ní 1864, ó di bíṣọ́ọ̀bù, ó sì wà lára àwọn aṣáájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá.

Ọ̀nà tí ó gbà kó ọ̀rọ̀ jọ ni ó yẹ kí á wò. Kò fi ìtumọ̀ nìkan sílẹ̀ fún òǹkàwé. Ó fi òwe tí àwọn ènìyàn ń pa hàn án bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Èdè tí ó gbọ́ nílé kí ogun tó dé ni ó gbé lọ bá Gẹ̀ẹ́sì, èkejì kò sì lé àkọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ní Ìséyìn kan náà lónìí ni Ebedi International Writers Residency wà, ibùdó àwọn òǹkọ̀wé tí Dókítà Wálé Òkédìran dá sílẹ̀ ní 2010. Àwọn òǹkọ̀wé ń ti Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn wá síbẹ̀ láti jókòó kọ̀wé, nínú ìlú tí ìró òfì kò tíì dákẹ́.

Síbẹ̀, àwọn ilé ìwé kan ṣì wà tí wọ́n ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì, kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè dára. Àwọn òbí mìíràn sì wà tí wọn kò fẹ́ kí ọmọ wọn jókòó ti òfì tàbí kí ó dé oko, kí ó má baà fi àkókò ìwé ṣòfò. Ọmọ tí kò mọ bí a ṣe ń pa òwú láró yóò há “dyed in the wool” sórí bí ẹni há nọ́ńbà fóònù sórí. Ọmọ tí ó bá mọ̀ ọ́n yóò kàn rẹ́rìn-ín músẹ́ ni, yóò sì mú ìdáhùn tí ó tọ́. Bí a bá gba àkànlò èdè ilé lẹ́nu ọmọ, a ti gba òṣùwọ̀n tí ó fẹ́ fi wọn ti òde.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kékeré kan. Nígbàkígbà tí ẹ bá pàdé àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀: ibi iṣẹ́ tàbí ilẹ̀ tí ó ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó sún mọ́ ọn, àti ẹni tí ẹ kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í ṣe gbólóhùn kan nípa ènìyàn tí ẹ mọ̀. Ẹyọ kan lójúmọ́ ti tó. Àwọn àgbà sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ tí a lò pẹ́ ni ó ń di tiwa.

Bí ẹ bá sì tún gbọ́ “according to your size” níbi ìgbéyàwó, ẹ má ṣe já alága lójú ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, kí ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Bí ẹ bá délé, kí ẹ wá sọ fún àwọn àbúrò yín pé aṣọ ni, kì í ṣe ìwọ̀n ara.